Bí Bàbá Ṣe Wí

Àwọn ìwé ìbéèrè náà ṣì gbóná láti inú ẹ̀rọ fótókọ́pì ní Fájuyì l'Adó nígbà tí mo gbá wọn mọ́yà. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé àádọ́ta ọdún. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń ka ọjọ́ ìfẹ̀yìntì, èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe másítà nínú ẹ̀kọ́ fífi ìṣèlú ibì kan wé ti ibòmíràn. Mo fẹ́ mọ bí àwọn ará Igbemo ṣe rò pé ó yẹ kí á máa yan olórí, kí n fi wé èrò àwọn ará àdúgbò Adébáyọ̀ l'Adó. Mo ti kàwé nípa ìbò Íńdíà àti ti Jámánì. Kí ló kù tí n ò mọ̀?

Ìyàwó mi, ọmọ bíbí Igbemo, wo ẹrù ìwé náà. "Akẹ́kọ̀ọ́ àgbà, ẹ má kó o lọ síbi ìpàdé àwọn bàbá o. Ojúlé sí ojúlé ni kí ẹ lọ."

Mo ní ìwé tí mo kà kò sọ bẹ́ẹ̀.

"Ìwé yẹn ti dé Igbemo rí?"

Ibi ìpàdé ni mo lọ. Mo pín ìwé, mo pín bírò. Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan. Wọ́n ń wo ẹni tó dàgbà jù, òun náà ń wo òrùlé. Ẹnìkan rán mi létí pé ẹnu àgbà lobì ti ń gbó. Nígbà tó yá, bàbá ní ìdílé rere ni kí olórí ti wá. "Bí Bàbá ṣe wí ni!" Gbogbo bírò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo padà s'Adó, inú mi ń dùn pé iṣẹ́ Igbemo parí ní ìjókòó kan. Òmùgọ̀ tó bá kàwé a máa yára.

Ọjọ́ tí mo gbèjà iṣẹ́ náà níwájú ìgbìmọ̀ ní yunifásítì, ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà gbé àwọn ìdáhùn náà sókè. "Ọ̀gbẹ́ni, gbogbo Igbemo ń lo ọpọlọ kan ṣoṣo? O jókòó sílé kọ ọ́ ni." Bí wọ́n bá pè é ní ayédèrú, lílé ni wọ́n máa lé mi, gbogbo ọdún tí ìyàwó mi fi ránṣọ gbọ́ bùkátà ilé á sì di òfo. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí n lọ tún un ṣe láàárín oṣù mẹ́ta, tàbí kí n gbàgbé oyè. Ó yíjú sí àwọn olùkọ́ tó jókòó tì í, tí wọ́n ti ń wojú rẹ̀ láti àárọ̀. "Kí lẹ rí sí i?"

"Bí Ọ̀gá ṣe wí ni, sà!"

Ó kù díẹ̀ kí n pín bírò fún wọn.

Ìyàwó mi ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ pa, ó bá mi lọ láti ojúlé dé ojúlé. Òun ló ń fi ohùn ìlú wọn ka ìbéèrè. Ìdáhùn méjì kò jọra. Ìyàwó bàbá àgbà yẹn pàápàá bú sẹ́rìn-ín: "Ìdílé rere? Ojúlé wo nìyẹn wà?"

Wọ́n fún mi ní oyè. Ní ojú ewé ìdúpẹ́, ọ̀jọ̀gbọ́n ló ṣíwájú, ìgbìmọ̀ tẹ̀ lé e, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó mi kẹ́yìn, fún àdúrà rẹ̀. Ó kà á. "Àdúrà, akẹ́kọ̀ọ́ àgbà?" Mo ní bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn.

Ọdún kẹrin rèé. Èmi náà ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì báyìí. Mo máa ń sọ fún wọn pé ojúlé sí ojúlé ni kí wọ́n lọ, wọ́n á sì béèrè ìwé tí mo ti kà á. Títí di òní, n kò tíì dárúkọ ìyàwó mi fún wọn.