Ẹja Tí Mo Rà fún Ìyá Mi

Ìyá mi sanra. N ò lè fi ẹnu dídùn bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ní Oǹdó tí wọ́n ti bí i, iyán ni oúnjẹ, ìpápánu ni gbogbo ìyókù, ó sì jẹ iyán títí orúnkún fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ ọ́. Nígbà tí kò lè dá gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ mọ́, mo mú un wá sọ́dọ̀ mi ní Arakalẹ̀, ní Àkúrẹ́, níbi tí èmi nìkan ń gbé. Ọdún yẹn le. Olùkọ́ ìjọba ni mí, oṣù ń parí, owó oṣù kì í wọlé.

Dókítà obìnrin tí mo gbé e lọ bá kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní bí sísanra náà kò bá dínkù, orúnkún kò ní lè gbé e mọ́.

"Màmá, ẹ dín iyán kù, ṣùgbọ́n ẹ má fi ebi pa ara yín o. Ẹja, ẹyin, ẹ̀wà, lójoojúmọ́. Wọ́n máa ń jẹ́ kí èèyàn tètè yó, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹran ara bá ọ̀rá lọ."

Ìyá mi gbà. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́, kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jó dé iwájú pẹpẹ níbi ìkórè ìjọ wọn ní Oǹdó.

Mo wá di aláròyé l'Ọ́jà Ọba. Màá ná ẹja títí ẹni tó ń tà á yóò fi pòṣé, màá wá mú ẹyọ kan lọ sílé. Ti màmá ni, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Àmọ́ òun ló ń dáná, òun ló ń bu oúnjẹ. Nírọ̀lẹ́, ẹja á jókòó sórí ọbẹ̀ mi.

"Màmá, tiyín ńkọ́?"

"Ọma mi, mo ti jẹ tèmi nídìí ààrò. Bí wọ́n gún iyán nínú ewé, bí wọ́n se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó."

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ẹni tó dáná a máa jẹun nídìí ààrò, kò sì sẹ́ni tó ń tẹ̀ lé e lọ wò ó. Mo gbà á gbọ́. Ká má parọ́, ebi ń pa mí, ó sì wù mí kí n gbà á gbọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Bùbá rẹ̀ ń ṣe gbàgẹ̀rẹ̀ lọ́rùn, mo sì ń pọ́n ọn lé. Lọ́jọ́ tó tún gun ìwọ̀n, mo pàtẹ́wọ́ bí òmùgọ̀.

A lọ síbi ìkórè. Wọ́n pe àwọn ìyá. Ó di ìjókòó iwájú mú, ó dìde, ẹsẹ̀ gbọ̀n, ó jókòó. Ó tún dìde, ó tún jókòó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jó lọ, wọ́n jó bọ̀. Ó ki ọwọ́ bọ inú báàgì, ó ń ṣe bí ẹni tó ń wá awò ojú, bẹ́ẹ̀ awò wà lójú rẹ̀.

A padà sọ́dọ̀ dókítà. Ó tẹ itan rẹ̀, ó bi wá léèrè ohun tí màmá ń jẹ. Mo yára dáhùn pé ẹja ni.

"Ẹran ẹsẹ̀ wọn ló gbẹ yìí. Ẹni tó ń jẹ ẹja kọ́ nìyí."

Èmi ni ìyá mi wò.

"Gààrí díẹ̀ ni mò ń jẹ. Ọkùnrin tó ń jáde lọ síbi iṣẹ́ kò lè máa fi ọbẹ̀ lásán jẹun."

Inú bí mi débi pé mo pariwo lé e lórí níwájú àwọn aláìsàn. Mo bínú sí i, mo bínú sí ìjọba, mo bínú sí ẹnu mi.

Láti ọjọ́ náà, àwo kan ni a jọ ń jẹ. Mò ń já ẹja sí i lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọ̀fun rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ oúnjẹ. Kò rìn mọ́. Láràárọ̀ ni mò ń gbé e lọ sí balùwẹ̀, kò sì wúwo. Èmi ni mo lágbára. Èmi ni mo jẹ ẹja náà.