Ọ̀pá Ìpẹja Mọ́kànlá Lórí Pápá Saint-Aubry

Gervais Auguste Lemahieu, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, ni olùtọ́jú pápá Étoile, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú Saint-Aubry ní àríwá ilẹ̀ Faransé. Bàbá rẹ̀ wa èédú, bàbá rẹ̀ àgbà wa èédú. Òun nìkan ló yan òkè ilẹ̀ láàyò. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi tọ́jú koríko kan ṣoṣo. Ohun mẹ́ta ni kì í gbà fún ẹnikẹ́ni: kí bàtà onígìgísẹ̀ tẹ pápá, kí ajá wọ ibẹ̀, kí àwọn olóyè ẹgbẹ́ sì máa ya fọ́tò láàárín gbùngbùn rẹ̀.

Ní sáà tí à ń wí yìí, Étoile wọ ìdíje Yúróòpù fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Nínú líìgì, wọ́n ń borí àwọn tó jù wọ́n lọ, wọ́n sì ń fìdí rẹmi lọ́wọ́ àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ní ti Yúróòpù, wọ́n la ìpele àkọ́kọ́ kọjá; nígbà tó di oṣù kejì, wọ́n lọ ta ọ̀mì, ọ̀kan sí ọ̀kan, nílẹ̀ Scotland. Ó wá ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kejì nílé.

Òtútù mú ìlú lákòókò náà tó bẹ́ẹ̀ tí omi dì sínú garawa. Gervais fi tapólì bo pápá, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, nítorí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti sọ fún un pé koríko tí a bò kì í kú. Ṣùgbọ́n oòrùn yọ ní ọjọ́ kẹta, ooru sì há sábẹ́ tapólì. Nígbà tó ṣí i láàárọ̀ Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹjọ ṣáájú ìdíje, koríko ti bu: àmì funfun roboto-roboto, bí ẹni da òwú sílẹ̀, láti ojú ilé góòlù títí dé ìlà àárín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e ni aṣàyẹ̀wò pápá láti àjọ bọ́ọ̀lù Yúróòpù ń bọ̀. Bí kò bá gba pápá wọlé, ìlú ńlá kan tó jìnnà tó ọgọ́rùn-ún kìlómítà ni wọn yóò gbé ìdíje náà lọ, Saint-Aubry yóò sì máa wo ayẹyẹ ara rẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n. Sáà ìkẹyìn Gervais sì nìyí kó tó fẹ̀yìntì.

"Èmi ni mo ṣe é léṣe," ló sọ fún Odile ìyàwó rẹ̀ nídìí kọfí. "Kì í ṣe òtútù. Èmi ni."

"Ó ti kú tán ni, àbí àìsàn ló ń ṣe é?"

"Àìsàn ni. Bí ìrì bá ń kúrò lára ewé rẹ̀ láràárọ̀, yóò sàn. Ọ̀pá gígùn tó rọ̀ la fi ń gbọn ìrì dànù, ẹyọ kan péré ni mo sì ní. Kí n tó gbọn ìdajì pápá, ọjọ́ ti lọ."

Odile gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. "Gervais, ọkùnrin mélòó ló ń jókòó létí odò nílùú yìí lójoojúmọ́ pẹ̀lú ọ̀pá gígùn tó rọ̀, tí wọn kì í pa nǹkan kan?"

Bí ilẹ̀ ti mọ́ ní Ọjọ́bọ̀, apẹja mọ́kànlá tò lórí pápá pẹ̀lú ọ̀pá ìpẹja wọn, Marceau Duquesnoy, olórí wọn, ló ṣíwájú.

"Ẹ yọ ìwọ̀ kúrò o!" ni Gervais pariwo. "Ẹni tó bá fi ìwọ̀ kọ́ koríko mi, inú odò ni mo máa jù ú sí."

"Fọkàn balẹ̀, jàre," ni Marceau dá a lóhùn. "Ogójì ọdún ni mo ti ń fi ọ̀pá yìí na omi, ẹja kankan ò tíì fara pa."

"A mọ̀!" ni ẹnì kan sọ láti ẹ̀yìn. "Àwọn ẹja tiẹ̀ ti mọ orúkọ rẹ, wọ́n ń jáde wá kí ọ."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá gbọn ìrì dànù fún àárọ̀ mẹ́fà. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú, rédíò ní òtútù tún ń padà bọ̀. Gervais dúró ti tapólì, ó gbá etí aṣọ náà mú. Bí kò bá bo pápá, ilẹ̀ lè le bí òkúta. Bó bá bò ó, koríko yóò tún bu. Ó jọ̀wọ́ rẹ̀ láìbo pápá, ó gba ilé lọ.

Aṣàyẹ̀wò, obìnrin kan tí ń jẹ́ Ineichen, dé ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀ níbi márùn-ún, ó fi irin gún ilẹ̀, irin náà wọlé, ó sì kúnlẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Lemahieu, kí ni àwọn àmì wọ̀nyí?"

"Ó bu ni, Màdáámú. Mo bò ó pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n ó ti ń sàn."

Obìnrin náà fa koríko kan, kò tu. Ó fa òmíràn, kò tu. "Gbòǹgbò rẹ̀ dúró dáadáa. Ẹ gbá bọ́ọ̀lù yín níbí."

Gervais fìdí kalẹ̀ sórí koríko, ó mí kanlẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ ọwọ́.

"Ẹ wò ó!" ni Marceau kígbe. "Ọ̀gá ti jókòó lórí pápá. Ẹ lé e jáde!"

Ní Ọjọ́bọ̀, góòlù kan ṣoṣo, tí wọ́n fi orí kàn wọlé, ló gbé Étoile kọjá. Àwọn ará Portugal ló lé wọn kúrò ní ìpele tó tẹ̀ lé e. Nínú líìgì, ipò karùn-ún ni wọ́n wà nígbẹ̀yìn. Gervais fẹ̀yìntì ní oṣù kẹfà, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Títí dòní, àwọn kan ṣì ń sọ nílé ọtí pé òtútù ló ba pápá jẹ́, àti pé ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta ló gbé koríko tuntun wá láti Họ́láńdì. Irọ́ ni méjèèjì. Kò sí ọkọ̀ kankan tó wá. Tapólì ló ba koríko jẹ́. Gervais fúnra rẹ̀ ló ní kí a máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó sì ronú kan ọ̀pá ìpẹja ni Odile Lemahieu, kì í ṣe Marceau, bó ti wù kí Marceau búra tó.