Sùúrù, Ajá Tí Ìyá Onílé Fún Ní Oṣù Kan

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé mo ní láti gun àpótí kí ọwọ́ mi tó kan ẹnu dúrọ́ọ̀mù omi wa, ohun kan ṣoṣo ni mo ń fi ojoojúmọ́ bẹ bàbá mi fún: ajá. Abúlé Òkúta ni a ń gbé, ní Bàrígà, nínú ilé gígùn kan tí yàrá rẹ̀ kọjú síra. Yàrá méjì ni tiwa. Ilé ìtẹ̀wé ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣómólú, bó bá sì ń wọlé bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, òórùn tàdáwà ni a máa ń kọ́kọ́ gbọ́ kí a tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Kò ní tíì bọ́ bàtà tán tí n ó ti kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Bùsáyọ̀, ta ni yóò máa kó ìgbẹ́ rẹ̀?" ni yóò bi mí.

"Èmi ni, sà."

"A ó máa wò ó."

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà mọ ohun tí "a ó máa wò ó" túmọ̀ sí lẹ́nu bàbá. Rárá ni. Ṣùgbọ́n mi ò dákẹ́.

Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí a ń pè ní Bọ̀dá Olú, tó ń pẹja ní àdúgbò Ìlàjẹ, létí ọ̀sà ní Bàrígà kan náà, ránṣẹ́ pé ajá òun ti bímọ márùn-ún. Bàbá mi mú mi lọ lọ́jọ́ Sátidé. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn ẹja tí wọ́n ń yan, abẹ́ ọkọ̀ ìpẹja tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ yẹn ni ọkàn mi máa ń lọ, níbi tí ìyá ajá náà dùbúlẹ̀ sí tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń ti ara wọn kiri. Funfun kan fò mọ́ mi lẹ́sẹ̀, ó ń fa ìsàlẹ̀ aṣọ mi ya. Mo ní èyí ni mo fẹ́. Bàbá mi mi orí.

"Èyí tí kò lè dúró lójú kan yìí, yàrá méjì yóò há a jù. Kì í ṣe ẹ̀bi tirẹ̀."

Mo nawọ́ sí èyí tó sá pamọ́ sí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Ó tún ní rárá. "Ajá tó ń bẹ̀rù òjìji ara rẹ̀, ẹ̀rù náà ni yóò mú un bu ọmọ ọlọ́mọ jẹ." Ó wá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, gbàà! Gbogbo wọn tú ká. Ọ̀kan padà wá gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀. Bàbá mi gbé e dùbúlẹ̀, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, ó rọra fọwọ́ lé e láyà. Ó jà díẹ̀, ó sì sinmi. "Èyí nìyí," ni bàbá mi wí.

Kí n má parọ́, inú mi kò dùn. Ajá náà pọ́n rúsúrúsú bí àkàrà tí epo mú jù, etí rẹ̀ kan sì ká wálẹ̀. A kò tún mú un lọ sílé lọ́jọ́ náà. Bàbá mi ní a kì í já ọmọ gbà lẹ́nu ọmú ìyá rẹ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ń lọ kí i ní gbogbo Sátidé, títí ó fi mọ òórùn mi. Ọjọ́ tí a sì mú un, ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko la kọ́kọ́ yà sí, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́. Nígbà tó tún dàgbà díẹ̀ sí i, a mú un padà lọ gba ti dìgbòlugi, bàbá mi sì tọ́jú káàdì rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìbí tèmi.

Ìyá mi fẹ́ kí a pè é ní Tẹnulòrọ̀, bàbá mi sì ní kò ṣeé ṣe, pé àwọn tí a jọ ń gbélé yóò rò pé à ń pòwe mọ́ àwọn. Bí a ṣe sọ ọ́ ní Sùúrù nìyẹn. Orúkọ náà dá wàhálà tirẹ̀ sílẹ̀. Tọkọtaya kan ń jà ní yàrá ọ̀ọ́kán lọ́jọ́ kan, èmi ń wá ajá mi kiri ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń pariwo, "Sùúrù! Sùúrù o!" Ọkùnrin náà yọrí síta, ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi, ó ti tán."

Iṣẹ́ pọ̀. Kí n tó jẹ ẹ̀kọ àárọ̀ mi, Sùúrù gbọ́dọ̀ ti mu omi tuntun. Ẹ̀bà àti orí ẹja ni oúnjẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n eegun adìyẹ kò gbọ́dọ̀ kàn án lẹ́nu, nítorí ó máa ń fọ́ ṣóńṣó. Ìgbẹ́ ńkọ́? Bàbá mi máa ń kó àjákù pépà wálé láti ibi iṣẹ́, etí káàdì ìgbéyàwó tí wọ́n gé kúrò, tí wúrà ṣì ń dán lára rẹ̀. Òun ni mo fi ń kó o. Kò sí ajá tí ìgbẹ́ rẹ̀ gbayì tó ti Sùúrù ní gbogbo Bàrígà.

Ó jẹ bàtà ilé ìwé mi lọ́jọ́ kan. Mo bá a níbi tó ti ń sùn, mo fi ìgbálẹ̀ nà án. Bàbá mi gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi. Kò pariwo. Ó ní, "Ó ti gbàgbé bàtà. Ìwọ ni yóò máa bẹ̀rù báyìí, bàtà ni kò ní bẹ̀rù." Lóòótọ́ ni, ọjọ́ méjì ni Sùúrù fi ń rápálá bí mo bá ti yọ. Ó dùn mí ju bàtà lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Ìyá Onílé, Àlhájà àgbàlagbà kan tó ń gbé ní yàrá iwájú, kì í fi ìmọ́tótó ṣeré. Mo tú Sùúrù sílẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbàgbé rẹ̀, mo lọ ṣe eré tẹ́ńtẹ́n pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ mi. Nígbà tí mo fi máa gbọ́ igbe, Sùúrù ti ki ẹnu bọ bọ́kẹ́ẹ̀tì omi àlùwàlá Ìyá Onílé.

"Okùn ló já, mà," ni mo wí.

Bàbá mi dé, ó gbé okùn náà, ó wò ó láti orí dé ìdí. Kò sí ibi tó já. Mo kúnlẹ̀, mo gbé ọwọ́ sókè títí apá mi fi ń gbọ̀n, lẹ́yìn náà ni mo fọ bọ́kẹ́ẹ̀tì náà lẹ́ẹ̀meje bí Ìyá Onílé ṣe ní kí n fọ̀ ọ́, ẹ̀ẹ̀kan nínú rẹ̀ pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀. Mo sì fi ẹnu ara mi sọ pé irọ́ ni mo pa.

Ìyá Onílé kò bú wa. Ó ní, "Bàbá Bùsáyọ̀, mi ò bá yín jà. Iléyá ku oṣù kan. Ẹran yóò kún ilé yìí lọ́jọ́ náà. Bí ajá yìí bá tẹ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti mú un wá."

"Ọ̀rọ̀ yín tọ́, mà," ni bàbá mi fèsì. Ó yíjú sí mi. "Ajá rẹ ni. Oṣù kan rẹ ni."

Mi ò rò pé mo tíì ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Bàbá mi fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà níbi tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyá Onílé ti bẹ̀rẹ̀. Ní àárọ̀ kí n tó lọ sílé ìwé, àti ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ ilé, èmi àti Sùúrù yóò dúró nídìí ìlà náà fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀. Bó bá jókòó, mo fún un ní edé kan. Bó bá tẹ ìlà, kò sí edé, kò sí ẹgba, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò yọrí sí nǹkan kan. Bàbá mi ló rí ibi tó ti wọ́: èmi ń sọ pé "Dúró," ìyá mi ń sọ pé "Kúrò níbẹ̀," àwọn ọmọ ilé ń sọ pé "Sít!" Ó pe gbogbo wa jọ, ó ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "Dúró," ni kí a máa lò. Láti ọjọ́ náà ni ojú Sùúrù ti là.

Ọjọ́ Iléyá pé. Bàbá mi ní kò sí ìtìjú nínú kí n so ó mọ́lẹ̀. Mo ní rárá, ó mọ̀ ọ́n. Mo jókòó tì í nídìí ìlà. Òórùn ẹran díndín gba gbogbo ilé kan, itọ́ ń kán lẹ́nu ajá náà bí omi ẹ̀rọ. Àwọn obìnrin ń gbé abọ́ ẹran kọjá, ọ̀kan ṣèèṣì, ẹ̀dọ̀ tútù já bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì ìlà náà, kò jìnnà sí i ju gígùn ọwọ́ mi lọ.

Sùúrù dìde.

"Dúró," ni mo wí.

Ó wo ẹ̀dọ̀. Ó wò mí. Ó tún wo ẹ̀dọ̀. Lẹ́yìn náà ló rọra padà jókòó, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyá Onílé fúnra rẹ̀ rìn wá, ó mú ẹ̀dọ̀ náà nílẹ̀, ó nà án sí mi.

"Fún Sùúrù," ni ó wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò pe orúkọ rẹ̀. "Ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ yín ni kó ti jẹ ẹ́ o."

Àyà mi fẹ̀ lọ́jọ́ náà bí ti ẹni tó borí nínú ìdíje. Sùúrù bá wa gbé títí mo fi jáde ilé ìwé girama, kò sì bu ẹnikẹ́ni jẹ rí. Ikú ogbó ló kú.

Bàrígà ṣì ni mo ń gbé, èmi náà sì ti di ìyá. Láyé ìsinsìnyí, orí fóònù ni wọ́n ti ń yan ajá. Wọn kò rí ìyá rẹ̀, wọn kò mọ̀ bóyá ó ti kúrò lẹ́nu ọmú. Wọ́n á ra èyí tó tóbi bí ọmọ màlúù wá sínú yàrá kan, wọ́n á fi ṣéènì so ó mọ́lẹ̀ tọ̀sán-tòru, wọ́n á sì máa ráhùn pé ó ń gbó. Nígbà tó bá sú wọn, wọ́n á tú u sí àdúgbò. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò burú ju àwa lọ o, kò sí ẹni tó fa ìlà fún wọn ni.

Oṣù tó kọjá ni ọmọbìnrin mi ní òun fẹ́ ajá. Mo gbé abọ́ kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, mo ní kó máa pọn omi tuntun sí i láràárọ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́, bí ẹni pé ajá ti wà níbẹ̀. Ó ṣe é fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó gbàgbé. Ó sunkún, ó ní kí n jẹ́ kí òun máa kà á lọ. Mo ní rárá. Òun fúnra rẹ̀ ló tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan. Lówùúrọ̀ yìí, kí n tó dìde lórí ibùsùn, mo gbọ́ tí omi ń ṣàn sínú abọ́. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n nìyẹn.