Nígbà Tí A Sọ Àká Kòkó Di Yàrá Àlejò

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ọ̀kà, kí àlejò tó wọlé wa ni àwa ọmọdé ti máa ń mọ̀ pé ilẹ̀ ni a ó sùn. Bí ìyá mi bá ti ń gbọn aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì wa níta láàárọ̀, tó sì ń wá ẹní tó mọ́, ọ̀rọ̀ ti yé èmi àti Tọ́pẹ́ àbúrò mi. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, Tọ́pẹ́ jẹ́ méje. A ó ká ẹní wa lọ sí pálọ̀, a ó sì máa jà lórí ẹni tí yóò sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi kò ní gbàgbé bí sìmẹ́ńtì ṣe máa ń tutù láti abẹ́ ẹní wá lásìkò ọyẹ́.

Yàrá mẹ́ta péré ni ilé wa ní. Bàbá bàbá mi ló kọ́ ọ sí ara òkè, níbi tí àpáta ti yọrí jáde láàrin àgbàlá. Tíṣà ni bàbá mi, ìyá mi sì ń ta aṣọ ní Ìkàrẹ́. Ṣùgbọ́n ibì kan tún wà lẹ́yìn ilé tí ẹnikẹ́ni kì í sùn sí, ìyẹn àká tí bàbá àgbà máa ń kó kòkó gbígbẹ sí. Lẹ́yìn tí ó kú, àwọn alágbàṣe ló ń tọ́jú oko, wọn kì í sì í kó kòkó wálé mọ́. Àpò jíjá, agbọ̀n, ọkọ́ tí kò ní ẹ̀rúkọ́ àti eku ló kù nínú àká náà.

Ìgbà ìsìnkú bàbá àgbà gan-an ni ọ̀ràn bẹ̀rẹ̀. Àǹtí Rúùtù, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ń bọ̀ láti Bìní níbi tó wà nílé ọkọ. Ọkọ̀ wọn bàjẹ́ lọ́nà, ilé sì ti kún kó tó dé. Àwọn àna wà lórí bẹ́ẹ̀dì bàbá mi, àwọn ìbátan láti Ìṣùà àti Ìfira sì ti tẹ́ pálọ̀ pẹrẹsẹ. Bàbá mi ní kí wọ́n mú un lọ sùn nílé aládùúgbò wa kan. Ó tẹ̀ lé wọn lọ. Ọjọ́ tó ń padà lọ, tó ti di ẹrù rẹ̀ tán, ló tó sọ fún ìyá mi pé:

"Ìyàwó, èmi àkọ́bí bàbá mi ni mo sun ilé olónílé lọ́jọ́ tí a sin bàbá mi. Ó ti yé mi. Kò sí àyè mi nílé yìí mọ́."

Kò tún wá fún ọdún méjì gbáko.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ dárúkọ àká. A ń jẹ iṣu sísun àti epo ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nígbà tó ní, "Bàbá Bọ́lá, ẹ jẹ́ ká tún àká yẹn ṣe, ká fi ṣe yàrá àlejò."

"Ilé kòkó ni ibẹ̀," ni bàbá mi wí.

"Kòkó wá dà níbẹ̀?"

Bàbá mi ti iṣu bọ epo. Ó ti wá yé mi báyìí pé kì í ṣe kòkó ló ń dù. Ibẹ̀ nìkan ni òórùn bàbá rẹ̀ ṣì kù sí nínú ilé.

Lẹ́yìn bí oṣù méjì, ìyá mi gbọ́ lọ́jà Ìkàrẹ́ pé Àǹtí Rúùtù wá sí ìgbéyàwó kan níbẹ̀, pé ó sun ọjọ́ méjì lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì padà sí Bìní láì yà sí Ọ̀kà. Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tí ìyá mi ń lọ tó ń bọ̀ lójoojúmọ́ ni. Nígbà tó rò ó fún bàbá mi, bàbá mi bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó ń nù ún títí bí ẹni pé ìdọ̀tí orí rẹ̀ kò lọ. Láàárọ̀ Sátidé tó tẹ̀ lé e, kó tó jẹun rárá, ó ká ṣòkòtò sókè, ó mú ìgbálẹ̀, ó sì lọ ṣílẹ̀kùn àká.

Bí iṣẹ́ ṣe dé bá wa nìyẹn. Èmi ni mo ń pọn omi, Tọ́pẹ́ ń fi igi lé eku, àwọn eku náà sì ń lé òun náà. A fi eérú àti kànrìnkàn fọ ilẹ̀ tí kòkó ti sọ di dúdú. Bàbá mi lu ògiri láti fi fèrèsé sí i, ògiri amọ̀ tó nípọn tó gígùn apá mi. Bí mo bá ráhùn, ìyá mi á ní, "Ìṣẹ́ ní ń pa ni, iṣẹ́ kì í pa ènìyàn." Èmi rò nígbà náà pé méjèèjì ló ń pa mí.

Àyè náà há. Bí a bá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì méjì síbẹ̀, ó ti kún, ènìyàn mẹ́rin sì ni ìyá mi fẹ́ kí ó gbà. Ó rántí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń sùn sí nígbà tó ń gbé nílé-ìwé, tí wọ́n gbé ọ̀kan lé orí ìkejì, tí wọ́n ń pè ní bọ́ńkì. Káfíńtà kan ní Ìkàrẹ́ kan méjì irú rẹ̀ fún wa. Ó kàn wọ́n tán pátápátá kó tó rántí bèèrè ibi tí ilé wa wà. Ọkọ̀ kò lè gun òkè wa. Nísàlẹ̀ níbẹ̀ ló ti tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, tó ń kùn sínú, tí a sì ń fi orí ru pákó kọ̀ọ̀kan gun àpáta lọ bí èèrà. Òwú àràbà ni ìyá mi kì sínú tìmùtìmù. Èmi àti Tọ́pẹ́ la ṣa èso inú rẹ̀ kúrò, a sì sín fún ọjọ́ mẹ́ta.

Wọ́n kìlọ̀ fún wa. "Bẹ́ẹ̀dì àlejò nìyí," ni ìyá mi wí, "kì í ṣe igi ìbẹ́pẹ tí ẹ̀ ń gùn." Lọ́jọ́ tó lọ sọ́jà, a fi bọ́ńkì ṣe ọkọ̀ akẹ́rù. Èmi ni dírẹ́bà lókè. Níbi tí mo ti ń fò sókè pé ọkọ̀ wa bọ́ sí kòtò, pákó kan kán sí méjì lábẹ́ mi. Mo fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan ara wọn, mo tẹ́ tìmùtìmù lé e, mo sì ní kí Tọ́pẹ́ búra pé kò ní sọ. Láti ọjọ́ náà oúnjẹ kò dùn lẹ́nu mi.

Bàbá mi kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló fà á ya kó tó fi ránṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì, ní ọ̀sán, Àǹtí Rúùtù gun òkè wa wá, ó ń mí gúlegúle. Ó kí ìyá mi, ó fọwọ́ kan orí èmi àti Tọ́pẹ́. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ kí i, ó dáhùn, ṣùgbọ́n kò wojú rẹ̀.

Ìyá mi mú un wọ yàrá tuntun, àwa yòókù sì tẹ̀ lé wọn. Ó dúró díẹ̀, ó fa imú.

"Òórùn kòkó ṣì wà níbí," ló wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀, ó gbójú sókè. "Ìyàwó, ṣé tòkè yìí kò ní já lu ẹni tó bá wà nísàlẹ̀?"

"Kò lè já, Àǹtí mi," ni bàbá mi dáhùn. "Ẹ wò ó."

Ó bọ́ bàtà, ó gùn ún. Mo sún sẹ́yìn. Ibi tí mo mọ̀ gan-an ló fi ẹsẹ̀ lé. Pákó ní gbà-á, tìmùtìmù yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ bàbá mi kan yọ sísàlẹ̀ tìbọ̀sẹ̀ tìbọ̀sẹ̀, ó ń mì níwájú ojú Àǹtí Rúùtù.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ẹsẹ̀ náà mú. "Ṣé o fara pa?"

Láti ọjọ́ ìsìnkú, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó dìídì bá a sọ nìyẹn.

"Rárá," ni bàbá mi wí láti òkè.

"O lé mi lọ sílé olónílé, ìyẹn kò tó. O tún fẹ́ wó lù mí." Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni. Nígbà tí mo wò ó dáadáa, ẹ̀rín ni, omijé sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

"Ẹ má bínú, Àǹtí mi. Mi ò rò ó dáadáa lọ́jọ́ náà." Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Tọ́pẹ́ kò dúró kí wọ́n bi í kó tó jẹ́wọ́ fún àwa méjèèjì. Èmi tí mo dàgbà ni wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ nídìí odó, kí n na ọwọ́ sókè, nígbà tí ìyá mi ń gúnyán. Iyán náà kò tíì kúnná nígbà tí Àǹtí Rúùtù wá fa ọwọ́ mi sílẹ̀. "Ó tó, ìyàwó. Jẹ́ kó wá bá mi tú ẹrù mi." Ó lo ọjọ́ méjìlá lọ́dọ̀ wa. Bàbá mi kan pákó tuntun, èmi sì ni mo sùn lókè rẹ̀. Bí a bá ti jí, á máa sọ fún mi bí bàbá àgbà ṣe ń sá kòkó, àti bó ṣe ń na bàbá mi tí òjò bá pa kòkó náà.

Láti ọdún náà, àlejò kò wọ́n ní yàrá yẹn, nígbà mìíràn wọ́n á tó mẹ́fà, tí ẹsẹ̀ ẹnì kan á wà lórí ìrọ̀rí ẹnì kejì.

Àkúrẹ́ ni mo ń gbé báyìí. Bàbá mi àti Àǹtí Rúùtù ti lọ sinmi. Ní Kérésìmesì tó kọjá, Káyọ̀dé, ọmọ Àǹtí Rúùtù, pè mí lórí fóònù pé òun ń bọ̀ wá sílé, pé òtẹ́ẹ̀lì wo ló dára ní Ìkàrẹ́. Mo sọ orúkọ ibì kan fún un, mo tún fi nọ́ńbà wọn ránṣẹ́ sí i. Ìgbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ ni mo tó rántí pé bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin ló wà nílé wa tí ẹnì kankan kò sùn sí. Èmi náà lọ sílé ní Ọ̀kà fún ọdún. Káyọ̀dé wá ní ọ̀sán, ó kí wa, ó jẹ iyán, ó sì padà lọ síbi tí iná àti omi kì í ti í dáwọ́ dúró.

Láyé ọjọ́sí, irú èyí á dá ìjà ọdún méjì sílẹ̀. Lónìí, ó rọrùn, kò sì sẹ́ni tó bínú. Ká sọ òótọ́, ì bá dùn mọ́ mi bí ó bá bínú díẹ̀.