Aṣọ Ìyàwó Jasumati-ben

Bí a bá ti dárúkọ olóògbé Jasumati-ben ní àdúgbò wa ní Jamnagar, nílẹ̀ Íńdíà, ọjọ́ ìgbéyàwó Manjula, àbúrò ọkọ rẹ̀, ni gbogbo ẹnu kọ́kọ́ máa ń lọ sí. Jasumati-ben jáde sáàárín àlejò pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì pupa kan tí wọ́n fi òwú wúrà hun igun mẹ́rin-mẹ́rin sí lára, tó ń fẹ̀ bó ṣe ń rìn. Divali-ba, ìyá ọkọ rẹ̀, fà á mọ́ra, ó sì fi ìka méjì pa aṣọ náà wò lójú gbogbo èèyàn.

"Ẹ wá wo aṣọ," ni ìyá wí. "Ta ló rà á fún ọ? Ẹni yẹn fẹ́ràn rẹ o. Kì í ṣe bí èyí tí èmi náwó-nára rà fún ọ nígbà ìgbéyàwó, tí o tì mọ́ inú àpótí bí ẹni pé kò dára."

"Màmá, ẹ̀yin náà lẹ rà á," ni Jasumati-ben dáhùn. "Mo kàn gé e díẹ̀ ni."

Ìyá jókòó. Èmi tí mo bá a fi maṣíìnì mi rán an, ẹ̀yìn òpó ni mo sá sí, ibẹ̀ ni mo sì wà títí oúnjẹ fi tán.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Sárì pupa, aṣọ gígùn tí a ń wé mọ́ra, tí ilé ọkọ ń rà fún ìyàwó, a kì í fi àlùmọ́gàjí kàn án. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, a ó ká a sínú àpótí pẹ̀lú ewé dóńgóyárò gbígbẹ. Bí obìnrin bá sì ṣáájú ọkọ rẹ̀ kú, sárì yẹn náà la ó wọ̀ fún un lọ síbi tí wọ́n ti ń sun òkú. Ọlá ńlá ni.

"Bí o bá kú ńkọ́?" ni Divali-ba bi í. "Kí la ó wọ̀ fún ọ?"

"Màmá, òkú ló ń jókòó sójú kan. Èmi ò tíì kú."

Òótọ́ ló sọ, nítorí ara obìnrin náà kì í balẹ̀. Bí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á ti máa tú etí aṣọ kan. Lọ́dún kan, nígbà Navratri tí a fi ń jó fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó búra pé síkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo yẹn lòun máa wọ̀, àti pé ẹnikẹ́ni ò ní rí i lẹ́ẹ̀mejì bákan náà. Lọ́jọ́ kejì ó so ó mọ́ àyà, ó di kaba. Lọ́jọ́ kẹta ó gé ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó fi bo orí. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹfà, ọgbọ́n ti tán nínú rẹ̀, ló bá yí inú aṣọ síta.

"Ẹ̀gbọ́n," mo rọra sọ fún un, "òdì lẹ wọ aṣọ o."

"Má da ara rẹ láàmú. Lọ́dún tó ń bọ̀, gbogbo yín lẹ máa wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí ọdún yípo, ìdajì àwọn obìnrin ojú agbo ló ta ojú ìrán aṣọ wọn síta, wọ́n ní ohun tó wà lóde nìyẹn.

Ẹni tí mo ń káàánú ni Pranjivan-bhai, ọkọ rẹ̀. Akọ̀wé ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin ni, ó sì fẹ́ kí gbogbo nǹkan wà níbi tí wọ́n fi í sí. Lẹ́yìn ìyẹn ni Jasumati-ben ń gé aṣọ náà ní ègé-ègé fún àwọn èèyàn, ó fi búláòsì kan ta èmi náà lọ́rẹ. Ọkọ rẹ̀ rí aṣọ ìgbéyàwó wọn lára ọmọ tuntun Manjula. Ó tún rí i lórí ọkọ ìyàwó kan tí kò mọ̀ rí, tí wọ́n fi wé láwàní.

"Ìgbéyàwó wa ti fọ́n ká gbogbo ìlú," ó wí.

"Ó sàn ju kí kòkòrò jẹ ẹ́ nínú ilé lọ."

Ọkùnrin náà lọ ra sárì pupa mìíràn, ó tì í mọ́ àpótí, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn. Ó ní ti ọjọ́ ikú nìyẹn, kí ojú má baà ti àwọn. Kò pé oṣù mẹ́ta tó jí lójú oorun ọ̀sán, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn rẹ̀, àpótí ṣófo. Ìyàwó rẹ̀ ti yọ ìdè ẹ̀yìn àpótí.

"Ọmọ Kanku tó ń bá wa fọ abọ́ ń ṣe ìgbéyàwó lọ́la, kò sì ní sárì," ni Jasumati-ben wí. "Àbí ká ní kó dúró títí màá fi kú?"

Pranjivan-bhai bínú gan-an. Ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ dé ibi ìgbéyàwó náà.

Jasumati-ben sì ṣáájú ọkọ rẹ̀ kú lóòótọ́. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni, nígbà tí Navratri ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹnu ya gbogbo wa, nítorí a rò pé ikú ò lè bá irú ẹsẹ̀ yẹn. Manjula dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń bèèrè ohun tí Divali-ba bèèrè: kí la ó wọ̀ fún un?

Ni oníkálukú bá sáré lọ sílé. Manjula gbé aṣọ ọmọ wá, ẹlòmíràn mú ìborí, ẹlòmíràn mú àpò ọwọ́, èmi mú búláòsì mi. A tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní yàrá, ègé mẹ́rìnlá, a ń to igun wúrà pọ̀ mọ́ igun wúrà. Ó kù díẹ̀ kó pé. Mo gbé maṣíìnì mi wọlé, mo ti ki òwú bọ abẹ́rẹ́, nígbà tí Pranjivan-bhai dé ẹnu ọ̀nà.

"Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, a fẹ́ rán an pọ̀ ni," ni Manjula wí. "Kó lè rí bó ṣe rí lọ́jọ́ ìgbéyàwó yín."

Ó wo aṣọ náà pẹ́.

"Ó ti wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ rí," ó wí. "Ẹ fẹ́ kó wọ̀ ọ́ bákan náà lẹ́ẹ̀mejì? Ẹ fẹ́ kó bá mi jà ni?"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ni ẹ̀rín bá gba gbogbo ilé òkú, a ò lè dá a dúró. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó wá jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn ègé yẹn, ó sì sunkún bí ọmọdé. Ó rán wa lọ ra sárì pupa tuntun lọ́jà, ìyẹn la wọ̀ fún un. Ó ní kí oníkálukú mú tirẹ̀ lọ, kó má sì tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí.

Nígbà tí Navratri dé, mo wọ búláòsì mi lọ sójú agbo. Àárò rẹ̀ ń sọ mí. Ṣùgbọ́n kí n tó jáde nílé, mo ti bọ́ ọ, mo sì tún un wọ̀, ojú ìrán rẹ̀ síta.