Omi Tó Mọ́ Gaara

Bí mo bá gbóòórùn sípírítì ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mìsì, ara mi kì í balẹ̀. Ọ̀sán kan ní Moniya ni mo máa ń rántí. Ibà dá àbúrò mi dùbúlẹ̀. Ó ń lo oògùn oníhóró tí a rà ní kẹ́mìsì, síbẹ̀ ara rẹ̀ ń gbóná bí ààrò. Màmá mi, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní láàbù yunifásítì, mú díẹ̀ nínú oògùn náà, wọ́n fà mí lọ́wọ́, a wọ mọ́tò.

Ní láàbù, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n pò ó mọ́ omi, wọ́n sẹ́ ẹ sínú ìgò kékeré kan, wọ́n sì ti ìgò náà bọ inú ẹ̀rọ.

"Ìmọ́lẹ̀ iná máa gba inú rẹ̀ kọjá," ni wọ́n wí fún mi. "Oògùn tó bá wà níbẹ̀ máa gbé lára iná náà mì."

Abẹ́rẹ́ ojú ẹ̀rọ náà, tó ń fi ìwọ̀n iná tí oògùn gbé mì hàn, fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira.

"Màmá, gbogbo iná ló kọjá! Omi yẹn mọ́ gaara!" Mo pàtẹ́wọ́.

Wọ́n tún fà mí lọ́wọ́, a yára jáde. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé iná tó kọjá wọ́ọ́rọ́ yẹn ló ń sọ pé kò sí oògùn níbẹ̀.

Nígbà tí a délé, Ìyá àgbà, tí a fi àbúrò mi tì nílé, ti po oògùn náà sínú ṣíbí, wọ́n sì ti gbé e sún mọ́ ẹnu rẹ̀.

"Ẹ má fún un mọ́, Ìyá! Ayédèrú ni!" Màmá kígbe láti ẹnu ọ̀nà.

Màmá pọ̀n ọ́n, a sáré lọ sí ọsibítù, àwọn dókítà sì fún un ní oògùn gidi. Nígbà tó yá, òógùn bò ó, ara rẹ̀ sì tutù. Ó lajú, ó ní kí n bu omi fún òun.