Bí A Ṣe Ru Iṣu Lọ Fi Iṣẹ́ Tísà Sílẹ̀ ní Ìpótì

Kẹ̀kẹ́ ni mo gùn tí ẹsẹ̀ mi fi dá. Ẹ má bi mí bóyá mò ń sáré. Mò ń sáré. Níbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kúrò ní Ìpótì, mo fi ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ kí àwọn ọmọ kíláàsì mi tó ń bọ̀ láti odò lè rí i pé tísà wọn mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Wọ́n rí i. Wọ́n sì rí mi nígbà tí mo ṣubú.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni, mo jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàlélógún. Ní ilé ìwòsàn, ọkùnrin kan tẹ́ ẹsẹ̀ mi sábẹ́ ẹ̀rọ, kò pẹ́ tó fi gbé àwòrán eegun mi síwájú iná. Mo rí inú ara mi. Yéè! Ìrora náà fò lọ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, níbo ni wọ́n ti ń kọ́ irú iṣẹ́ yìí?" Ó rẹ́rìn-ín, ó júwe ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn fún mi. Orí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀ ni mo ti kọ̀wé sí wọn. Wọ́n fi símẹ́ǹtì di ẹsẹ̀ mi, wọ́n fún mi ní ìsinmi àìsàn, mo sì lọ dùbúlẹ̀ sílé bàbá mi ní Àrámọkọ. Ibẹ̀ ni èsì ti bá mi nígbà tí ìsinmi náà ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà: wọ́n ti gbà mí, kí n dé láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn á fi ẹlòmíràn sí àyè mi. Kí n sì mú ìwé dání pé mo fi iṣẹ́ tí mò ń ṣe tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe yẹ.

Inú mi dùn débi pé mo fi ọ̀pá ìtilẹ̀ jó. Lọ́jọ́ kejì ni tísà ẹlẹgbẹ́ mi kan wá kí mi, ó mú ọsàn wá, ó sì ba ayé mi jẹ́.

Ó ní, "Aláìsàn kì í fiṣẹ́ sílẹ̀. O ní láti padà sẹ́nu iṣẹ́ ná, kó o tó fún wọn ní nóòtíìsì oṣù kan. Tó o bá kọ̀wé láti orí ẹní, wọ́n á ní irọ́ lo pa, pé ẹsẹ̀ rẹ ò ṣẹ́."

"Irọ́ kẹ̀? Pẹ̀lú símẹ́ǹtì yìí?"

"Òfin lòfin."

Mo ṣírò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ìsinmi, kí n tó ka oṣù kan lé e. Ìbàdàn ò sì lè dúró ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ. Inú bí mi, mo he ọ̀kan nínú ọsàn rẹ̀, mo jù ú lu ògiri. Nígbà tó lọ tán, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Bàbá mi, àgbẹ̀ tó tún jẹ́ alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọlé bá mi. Mo ṣàlàyé. Mo ní mo ti pinnu láti kọ ìwé náà, kí n ka oṣù kan láti ọjọ́ tí wọ́n bá gbà á, kí òfin wá pa mí. Ó mi orí.

"Ṣé ìwé la fi mú ọ débẹ̀? Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la fi ọwọ́ wa fà ọ́ lé ọ̀gá rẹ lọ́wọ́, a ní kó bá wa tọ́jú ọmọ. Ọwọ́ la fi fà ọ́ fún un, ọwọ́ náà la ó fi gbà ọ́. Kọ ìwé rẹ. Ṣùgbọ́n àwa la ó mú un lọ."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ló wá di ẹrù. Ó rántí pé obìnrin ni ọ̀gá wa nílé ẹ̀kọ́. "Obìnrin tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ṣé ọwọ́ òfìfo la ó gbé lọ ulé rẹ̀?" Ogójì iṣu. Garawa epo kan. Oyin. Obì, orógbó, ataare. Àkùkọ funfun kan.

Mo ní, "Màmá, ẹrù yìí ti pọ̀ jù o."

"Panu mọ́, ẹlẹ́sẹ̀ kan!"

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò mọ̀. A wọ òfì, wọ́n wọ̀ mí ní dàńṣíkí tuntun, a gba lọ́rì láàárọ̀ Sátidé, ó di Ìpótì.

Ọ̀gá wa yìí ń lọ sí ogójì ọdún, kò tíì lọ́kọ, òun àti ìyá rẹ̀ arúgbó ni wọ́n jọ ń gbé. Bí a ṣe ń já iṣu sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn ni àwọn aládùúgbò ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wo oyin. Wọ́n wo orógbó. Wọ́n wo èmi tí bàbá mi dì lápá mú. Mo gbọ́ tí obìnrin kan wí pé, "Ọkọ ìyàwó rọ lẹ́sẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ ṣáà ni." Mo rò pé ẹlòmíràn ló ń bú.

Ìyá àgbàlagbà náà yọjú. Ó rí ẹrù. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó kígbe pé, "Olúwa ò gbàgbé mi!" Ijó bẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin gbé bẹ́ńṣì wá, orin gba agbo ilé. Bàbá mi wò mí, inú rẹ̀ dùn: "Ará Ìpótì mà mọ èèyàn í ṣe o!" Màmá ti bọ́ sáàárín agbo, ó ń bá wọn gbe orin.

Ọ̀gá wa jáde pẹ̀lú bírò pupa lọ́wọ́, ìwé ọmọléèwé ló ń máàkì. "Tísà! Ṣé orí ẹní kọ́ ló yẹ kó o wà?"

Bàbá mi ṣí fìlà. "Ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀, Míìsì. Nítorí ọmọ yìí ni..."

"A ti gbà!" ni ìyá fi dá a lóhùn. "A ti fún yín!"

"Ṣé o rí i?" ni bàbá mi wí fún mi. "Mo ní ọwọ́ la fi ń gbà á!"

Orí mi wú. Mo ti rí ara mi nínú ọkọ̀ Ìbàdàn. Àfi ìgbà tí ìyá di Màmá lọ́wọ́ mú, tó ní, "Ọjọ́ wo wá ni ìgbéyàwó?"

"Ìgbéyàwó ta?" ni Màmá wí.

Gbogbo agbo yíjú sí èmi.

Ọ̀gá wa gba ìwé lọ́wọ́ bàbá mi, ó kà á. Ó jókòó lórí òkìtì iṣu, ó rẹ́rìn-ín títí ìgò ojú rẹ̀ fi jábọ́. "Ìyá, iṣẹ́ ni wọ́n wá fi sílẹ̀. Èmi kọ́ ni wọ́n wá fẹ́." Ìtìjú mú mi, ǹ bá ti sá, ṣùgbọ́n ta ló ń fi ẹsẹ̀ kan sá? Àwọn aládùúgbò ń rẹ́rìn-ín lọ sílé wọn. Ìyá náà fẹ́ bínú, ló bá bojú wo iṣu, ó ní kò sẹ́ni tó máa kó uṣu kankan padà lójú òun.

Ẹ̀rín ò wọ èmi lára. Mo ní, "Ọ̀gá, wọ́n ní aláìsàn kì í fiṣẹ́ sílẹ̀."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó wọlé, ó mú ẹ̀dà ìwé tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́ jáde, ó nà án sí mi. "Kà á. Oṣù kan ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ibo ni wọ́n ti kọ ọ́ pé orí ìdúró lo gbọ́dọ̀ wà? Oṣù tó bá kọjá lórí ẹní, ṣé kò kọjá ni?"

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí níbẹ̀. Ó kọ èsì lójú ẹsẹ̀ pé òun ti gba ìwé mi, pé oṣù náà bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ó buwọ́ lù ú, ó lu òǹtẹ̀.

Kò tètè fún mi. Ó ní, "Ọdún tí ibà pọ́njú dá mi dùbúlẹ̀, wọ́n gbà mí sílé ẹ̀kọ́ kan lókè òkun. Ọ̀rọ̀ yìí náà ni wọ́n sọ fún mi, pé aláìsàn kì í fiṣẹ́ sílẹ̀. Mo dúró kí ara mi yá, mo padà síṣẹ́, mo fún wọn ní oṣù kan wọn. Kí ó tó pé, àyè mi ti lọ. Àṣé inú àpótí mi ni ìwé tí wọ́n fi gba èmi náà síṣẹ́ wà. N ò ṣí i wò."

Ìyá rẹ̀ ní, "O ò sọ fún mi rí."

"Kí ni ǹ bá sọ, Ìyá?"

Ó fi ìwé náà lé mi lọ́wọ́. Omi lé sí mi lójú. Bàbá mi kígbe pé kí n má ṣe é, Màmá kígbe, ọ̀gá wa fúnra rẹ̀ kígbe, ṣùgbọ́n mo ti ju ọ̀pá ìtilẹ̀ sọ́nù, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un pẹ̀lú símẹ́ǹtì lẹ́sẹ̀. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló pawọ́ pọ̀ gbé mi dìde.